Eyín Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Kí n tó mọ ojú rẹ̀ ni mo ti mọ eyín rẹ̀. Èmi ni mo ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún dókítà eléyín, nínú yàrá ẹ̀yìn tí aláìsàn kì í wọ̀. Bátànì eyín obìnrin aránṣọ kan wà lọ́wọ́ mi nígbà tí òun fúnra rẹ̀ já wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ibi tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká.

"Ṣé ìwọ lo máa ṣe tèmi? Jọ̀ọ́, má ṣe é bíi ti ẹṣin o."

Ẹ̀rín pa mí. Kí oṣù náà tó parí, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Ìyá mi nìkan ló kù kó fọwọ́ sí i. Àtọ̀gbẹ ló gba ẹsẹ̀ bàbá mi kó tó pa á. "Ohun tí ojú mi rí tó gẹ́ẹ́," ni ìyá mi máa ń wí. "Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ so eyín tuntun náà mọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá mi tẹ̀ lé wa.

Dókítà bi olólùfẹ́ mi pé, "Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ? Tó bá wà, ká kọ́kọ́ mú ṣúgà yẹn wálẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, erìgì á wú, eyín méjì tó gbé èyí dúró á máa mì."

Ó wo ìyá mi, ó dáhùn pé, "Rárá, sà."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti rí oògùn nínú báàgì rẹ̀, irú èyí tí bàbá mi ń lò. Ojo ni mí, mo dákẹ́. Dókítà so eyín náà. Nígbà tí a délé, ìyá mi ní ká mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí erìgì rẹ̀ fi wú. Ó ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọyún ti dé ọ̀fun, tí kò lè gbé itọ́ mì mọ́, la gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n la ọrùn rẹ̀ kí ọyún náà lè dà jáde, wọ́n sì yọ eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Olólùfẹ́ mi, má sunkún. Màmá á gbà. Èmi ti mọ̀ tipẹ́, mo rí oògùn ẹ, mo ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni.

"O mọ̀? Lọ́jọ́ tí dókítà bi mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi purọ́ kí n lè rí ẹ fẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ kí Màmá bínú."

Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, àlejò mi ń lọ."