Kọ́kọ́rọ́ Ilé Jẹnẹrétọ̀ Wà Lọ́wọ́ Adéṣẹwà

Òjò alẹ́ àná ti dá, oòrùn sì ti mú. Nílé alájà mẹ́ta ti Alhaji Àsánì lójú ọ̀nà Ìbà, àwọn ayálégbé ń sá aṣọ, rédíò ń dún lókè. Iná NẸ́PÀ wà láti ìdájí, kò sẹ́ni tó rántí jẹnẹrétọ̀.

Àfi Ṣàkírù, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ó ti wọ ilé jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ti ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì tó fẹ́ pààrọ̀. Adéṣẹwà, obìnrin tó ń bójú tó ilé náà fún Alhaji, ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún iná yẹn mọ́ mi díẹ̀," Ṣàkírù wí.

Kí Adéṣẹwà tó gbẹ́sẹ̀, jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù. Kò sẹ́ni tó yí kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Bẹ́líìtì gbá apá aṣọ Ṣàkírù mú, ó ń wọ́ ọ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé aṣọ náà ti gbó, ó ya fàà, Ṣàkírù sì ṣubú sẹ́yìn. Adéṣẹwà fò mọ́ bọ́tìnnì pupa tó wà lára ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ariwo dá.

Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìka Ṣàkírù méjì.

Nílé ìwòsàn tí wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ náà, Ṣàkírù jókòó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. "Ká ní aṣọ tuntun ni mo wọ̀, àǹtí, ọwọ́ yìí ti lọ."

Nígbà tí Adéṣẹwà délé, ó ti ilẹ̀kùn ilé jẹnẹrétọ̀ pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

Kò pẹ́ tí NẸ́PÀ fi mú iná lọ. Ìyá Tọ́pẹ́, tó ń ta ẹja inú yìnyín nísàlẹ̀ ilé, ló kọ́kọ́ figbe ta.

"Ṣẹwà! Ẹja mi ń yọ́ o! Ṣé wàá ṣílẹ̀kùn yẹn ni àbí o ò ní ṣí i?"

"Mi ò ní ṣí i, ìyá mi. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká wá yìnyín kún un. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà ní ọjà Alábà yẹn, wọn kì í ta ọwọ́ èèyàn níbẹ̀."

Ìyá Tọ́pẹ́ kùn wọlé, ó sì pe Alhaji lórí fóònù. Alhaji dé tìbínú-tìbínú, òun àti ọkùnrin kan tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká.

"Ṣẹwà, mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ọkùnrin yìí máa parí bẹ́líìtì yẹn kíá."

"Mi ò mú un wá, sà."

Alhaji rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò mú un wá. A ò tíì mọ ohun tó tan án."

"Ọ́tò ni! Bí NẸ́PÀ bá lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó tan fúnra ẹ̀!"

"NẸ́PÀ wà nígbà tó tan, sà."

"Ta ló nilé yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ nilé, sà. Ẹ̀yin náà lẹ ni ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ tì bọ̀ ọ́ yẹn, kì í ṣe tiyín."

Àwọn ayálégbé ti yọjú lórí bálíkónì. Alhaji na ìka sí i. "Màá lé ẹ kúrò níbí lónìí!"

"Tẹ́ ẹ bá lé mi, màá lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, ẹni tó máa wọlé yẹn á gbọ́ ohun tójú mi rí." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Bùrọ̀dá, fúnra ẹ̀ ló tan, ó wọ́ mẹkáníìkì wa mọ́ra, wọ́n sì rán ìka ẹ̀ méjì. Ṣé wọ́n sọ ọ́ fún yín?"

Ọkùnrin náà wo Alhaji. "Alhaji, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ forí jì mí, mo ní ọmọ nílé." Ó gbé àpò rẹ̀, ó ń lọ.

Adéṣẹwà ò yẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alhaji mí kanlẹ̀. "Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

"Ká pe ẹni tó máa wá ìdí ẹ̀, sà. Kì í ṣe ẹni tó máa yára parí ẹ̀."

Ẹnjiníà Zulaikha ni wọ́n pè, obìnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ilé ńláńlá ṣe ní Òkokòmáìkò. Nígbà tí Adéṣẹwà ṣílẹ̀kùn fún un, Zulaikha ò kánjú. Ó kọ́kọ́ yí súwíìṣì ẹ̀rọ kúrò ní ọ́tò, ó tẹ bọ́tìnnì pupa wọlé, ó pa ẹ̀rọ tó ń rọ iná sínú bátìrì, ó sì yọ wáyà orí bátìrì. Ó wá gbé pátákó kọ́ síbẹ̀: ÈÈYÀN Ń ṢIṢẸ́ NÍBÍ, MÁ TAN ÁN.

"Ṣé bọ́tìnnì pupa nìkan ò tó ni?" Alhaji bi í.

"Kò tó, sà. Ẹni tí ò mọ̀ lè wá fà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ò ní bátìrì, kò lè ta pútú."

"Wọ́n ní nǹkan burúkú ló wà níbẹ̀," Ìyá Tọ́pẹ́ sọ láti òkèèrè.

Zulaikha rẹ́rìn-ín. "Ìyá, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ọ́tò ń retí iṣẹ́ ni. Bí NẸ́PÀ bá lọ, àpótí tó ń ṣọ́ iná á gba inú wáyà rán an. Bí iná NẸ́PÀ bá rẹlẹ̀ jù, tàbí tí ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé e wọlé bá kú, ó tún máa rán an, bẹ́ẹ̀ gílóòbù tiyín lè ṣì máa tàn. Òmíràn sì wà tí wọ́n ti ṣètò pé kó máa dán ara rẹ̀ wò lóòrèkóòrè."

Ó wo ètò ìdánrawò: wọn ò ṣe é. NẸ́PÀ ti dé padà, ó wọn ọ́n: wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ó wá bi Adéṣẹwà pé, "Ìgbà wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Adéṣẹwà ronú. "Tí òjò bá ti rọ̀. Ó ti ṣe é rí, a kàn rò pé NẸ́PÀ ló ṣẹ́jú ni."

Zulaikha tọ ipa wáyà tó ń gbé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, títí ó fi dé abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti so wáyà méjì láìwé e dáadáa. Ọ̀rá lásán ló fi dì í. Omi ti kún inú rẹ̀, ojú wáyà ti bó, méjèèjì sì fara kanra.

"Òun rèé. Bí méjì yìí bá ti pàdé, jẹnẹrétọ̀ á gbà pé wọ́n ní kóun dìde."

Ó fa wáyà náà tu pátápátá, ó sì gbé tuntun gba inú páìpù, jìnnà sí ọ̀ṣọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó ti fi bẹ́líìtì sí i, tó dé gbogbo ìdérí, tí ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí, ó dá bátìrì padà, ó fa bọ́tìnnì pupa jáde, ó yí súwíìṣì sí ọ́tò. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Ó pa NẸ́PÀ, jẹnẹrétọ̀ tan. Ó tan NẸ́PÀ padà, jẹnẹrétọ̀ ṣì ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì kú.

Alhaji wo Adéṣẹwà. "Agídí rẹ pọ̀."

"Ó pọ̀, sà. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tí ò bá tíì yọ bátìrì, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un."

Alhaji ní kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà lọ.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin alámòójútó, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó bá tan láìnídìí ń pariwo pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹ má kàn pa á kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ kíyè sí ìgbà tó ń ṣe é, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, ẹ yí i kúrò ní ọ́tò, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, ẹ yọ bátìrì, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ sápò ara rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kò sáyè fún gbogbo ìyẹn, sọ fún un pé o ò ṣe. Bó bá pè ọ́ ní olórí kunkun, jẹ́ kó máa pè ọ́, kí ìwọ náà máa fi ọwọ́ rẹ méjèèjì jẹun lọ.