Kẹ́ẹ̀gì Tí Godwin Jù Sómi

"Gbé e sílẹ̀!" Godwin jágbe mọ́ Rejoice nínú ọkọ̀. "Ta ló ní kó o fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì yẹn?"

Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí ni, òun ni wọ́n fi ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Lórí odò tiwa, kò sí èrò tí kì í gbọ́nmi. Bó bá kàn ọ́, o ó gbọ́n, o ó gbé e fún ẹnìkejì. Ó sì kan Rejoice. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló dá a dúró nílé fọ́dún méjì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti dá báyìí. Ìdánwò Wáẹ̀kì ni òun, Godwin àti Jọọlá, ọ̀rẹ́ Rejoice àtikékeré, ń lọ ṣe ní Molutehin.

"Jẹjẹrẹ kì í ràn," ni Rejoice wí.

"Ṣé ìwọ ni dókítà?" Godwin fi aṣọ wé ọwọ́, ó já kẹ́ẹ̀gì gbà, ó sì jù ú sómi. Ẹ ò rí òmùgọ̀!

Rejoice wojú Jọọlá. Jọọlá ń wo igbó etí odò. Ìyẹn dun Rejoice ju gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lọ.

"Godwin, ẹnu ẹ la ó fi gbọ́nmi ni?" Sunday tó ń wakọ̀ bú u. Omi ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ. Kò pẹ́ tí omi fi mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. "Tó bá tún kún sí i, màá yí padà. Ẹ ó wá ṣe ìdánwò yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀."

Ọdún mìíràn kẹ̀? Rejoice da gààrí inú abọ́ rẹ̀ nù. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ya abọ́ náà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹlòmíràn má baà fi jẹun. Ó fi í gbọ́nmi títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Godwin nawọ́. "Gbé e wá."

"Abọ́ tí mo fi ń jẹun ni o."

"Gbé e wá jàre!" Kò ráyè fi aṣọ wé ọwọ́ mọ́. Ó gbọ́n, ó gbé e fún Jọọlá, Jọọlá náà gbọ́n. Wọ́n dé Molutehin bí wọ́n ṣe fẹ́ tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò.

"Rejoice, má bínú," ni Jọọlá wí.

"Mò ń bínú gan-an. Nígbà tó ń ju kẹ́ẹ̀gì, ẹnu ẹ dà?" Rejoice gba abọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ ṣe ìdánwò. Nírọ̀lẹ́, ó fọ abọ́ náà, ó sì tò ó mọ́ àwọn abọ́ ilé yòókù. Ìyá rẹ̀ àgbà rí i, kò sì yà á sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, jẹjẹrẹ kì í ràn. Ìwà ìkà ló ń ràn. Ara Godwin ló ti ran Jọọlá, wọn ò sì fọwọ́ kan ara wọn.