Ọjọ́ tí Lábísí Dúró de Gbọ́lá

Ṣòkòtò tó fàya ló gbé Gbọ́lá ọlọ́kadà dé ṣọ́ọ̀bù Lábísí aránṣọ ní Ayétòrò. Lábísí rán an, kò gbowó, ẹ̀rín ló ń rín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí fi dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Lọ́dún 2019, ìjọba ti bọ́dà. Bàbá Lábísí, òbí kan ṣoṣo tó kù fún un, wà lóko ní Kétu lódìkejì bọ́dà, nílẹ̀ Benin. Wọ́n ránṣẹ́ pé àìsàn rẹ̀ ti le. Gbọ́lá mọ ọ̀nà igbó tó lọ síbẹ̀.

Ó ní, "Olólùfẹ́ mi, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, màá wá gbé ẹ."

Lábísí jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ìrọ̀lẹ́. Gbọ́lá kò wá, kò sì gbé fóònù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní bàbá ti kú, wọ́n sì ti sin ín bí ìṣe Mùsùlùmí.

Gbọ́lá àti ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọ̀kadà òun ló bàjẹ́ lọ́nà. Ó dun Lábísí wọnú eegun, àmọ́ ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n ṣègbéyàwó ni Gbọ́lá tún wá, òun nìkan. Ó ní ọkàn òun kò jẹ́ kóun sùn. Ọ̀kadà kò bàjẹ́ rárá. Ìrẹsì oníbàárà kan lòun lọ fi gbé ní Kétu lọ́jọ́ náà nítorí owó, kò sì sáyè fún Lábísí lórí rẹ̀, òun tilẹ̀ yà kí bàbá.

"O rí bàbá mi?"

"Mo rí wọn. Wọ́n bi mí pé níbo lo wà. Mo ní ò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Gbọ́lá wolẹ̀. "Wọ́n ní káwọn ará ilé gbé àwọn jókòó síta, káwọn lè tètè rí ẹ."

Àrìnpé, ẹ̀gbọ́n ìyá Lábísí tí wọ́n jọ ń gbé, jáde láti yàrá. Ó ní Gbọ́lá ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, kí Lábísí foríjì í. Lábísí ní òun ti foríjì í. Inú Gbọ́lá dùn, ó nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n Lábísí fà sẹ́yìn.

"Ṣé o ti foríjì mí lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni. Mi ò ní ṣépè fún ẹ, mi ò sì ní bá ẹ yodì. Àmọ́ mi ò lè fẹ́ ẹ mọ́. Nígbàkígbà tó o bá wọlé tọ̀ mí, bàbá mi ni màá máa rí níta."

Gbọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, omi ń dà lójú rẹ̀. Lábísí sìn ín dé títì bí ẹni ń sin àlejò, ó ní kó bá òun kí ìyá rẹ̀.

Ìgbà tó padà wọlé ló tó sunkún. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fẹkún pè. Nígbà tó yá, orúkọ Gbọ́lá ló ń pè.