Kókó Ọwọ́ Àrìnpé

Ìgbì kan ṣoṣo ló da omi sórí ẹrù inú ọkọ̀ Jọọlá. Àpò aṣọ ńlá ni, orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń lọ, kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti fi okùn àti òjé dì í lédìdì. Jọọlá kàn ń bá àwọn tó ni ín gbé e kọjá ni. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Zion Pepe, ó lọ wá epo ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ rẹ̀, Àrìnpé, máa ṣọ́ ọkọ̀.

"Aṣọ yìí á bu o," ni Marvellous wí, ọ̀rẹ́ Àrìnpé tí wọ́n jọ ń ti ilé ìwé bọ̀. "Jẹ́ ká tú u, ká sá a."

"Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èdìdì yẹn."

"Ta ló máa mọ̀? Ìwọ tó o máa ń tún àwọ̀n ṣe, ṣé okùn lásán lo ò ní lè so padà?"

Ní etí omi wa, ẹrù tó bá ti mumi, kíá la máa ń tú u sá, ti ẹni yòówù kó jẹ́. Ìyìn yẹn sì tún mú orí Àrìnpé wú. Ó gé okùn náà. Epo wọ́n lọ́jọ́ náà, Jọọlá ò sì tètè dé, títí aṣọ fi gbẹ tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Àrìnpé so okùn náà dáadáa. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, Àrìnpé ò sọ fún un pé àwọn tú ẹrù.

Ní Ugbonla, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù fọwọ́ pa okùn náà. "Bàbá, ta ló so kókó yìí?"

Jọọlá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní kókó yẹn. Kò wo ojú ọmọ náà. "Èmi ni."

Àrìnpé sún síwájú. "Irọ́ ni, ọ̀gá! Èmi ni. Bàbá ò mọ̀ rárá. Omi ló wọ̀ ọ́, la bá sá a. A ò mú nǹkan kan."

Òṣìṣẹ́ náà yẹ ẹrù wò, ó pé. Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Àmọ́ títú èdìdì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹ ò tiẹ̀ jí abẹ́rẹ́. Ẹ̀ bá ti pè wá. Ẹ máa san owó ìtanràn, ọkọ̀ yìí ò sì ní kúrò níbí títí ẹ ó fi san án."

Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni wọ́n wọ̀ lọ sílé. Jọọlá kọjú sódò, ìyẹn ló sì dun Àrìnpé jù.

"Ẹ bá mi wí, Bàbá."

"Inú rere lo fi tú u. Èyí tó dùn mí ni pé mo dé, o sì dákẹ́."

Àrìnpé sunkún. Ó ti wá yé e pé inú rere ò fún un láṣẹ lórí ohun tí wọn ò ní kó tú, àti pé ká ní ó ti jẹ́wọ́ ní Zion Pepe, bàbá rẹ̀ ì bá má purọ́ nítorí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Jọọlá na okùn ọkọ̀ náà sí i. "Gbà, fi kókó tí mo kọ́ ọ so ó." Ó so ó, ó sì fà á wò bóyá ó le.