Ta Ló Ṣí Àpò Lẹ́tà Tolúlọpẹ́?

Wọ́n ti ṣí àpò lẹ́tà náà kó tó kúrò ní Nàìjíríà. Ohun tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ní Kánádà kọ nìyẹn nígbà tí wọ́n dá a padà. Òǹtẹ̀ tí ilé-ìwé lù sójú ibi tí wọ́n lẹ̀ kò bára mu mọ́. Apá òkè ti yẹ̀ sósì. Èsì ìdánwò inú rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, lẹ́tà tí wọ́n bá ti ṣí lọ́nà, ayédèrú ni. Wọ́n pa fáìlì Tolúlọpẹ́, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, dé.

Inspẹ́kítọ̀ Àdìjá ń yí àpò náà síwá sẹ́yìn ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Ọ̀jọ́. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ kì í tètè dùn ún mọ́. Kò bínú, kò káàánú, ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ló kàn ń wò.

Ọwọ́ mẹ́ta ni àpò náà ti gbà kọjá. Dàmọ́lá, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ Tolúlọpẹ́, ló bá a gbà á nílé-ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú tirẹ̀. Wálé, ọkọ Tolúlọpẹ́, tọ́jú rẹ̀ sílé wọn n'Íbà títí di Mọ́ńdè. Sherifat, tó ń tẹ̀wé ní Ìyànà-Ìbà, ló fi í ránṣẹ́. Òun náà ni gbogbo èèyàn ń nàka sí. Wálé ti lọ pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ̀wé ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́ tí kò jàre, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

"Kí lo fi ń lẹ̀wé?" Àdìjá bi í.

"Gọ́ọ̀mù inú ike ni, ma. Ṣùgbọ́n mi ò lẹ nǹkan kan lára tiẹ̀. Inú nálọ́ọ̀nù kúríà ni mo jù ú sí." Sherifat ò sunkún, ó ti sun ún tán. "Ẹ̀rọ méjì ni mo ní, ma. Òun ni mo fi ń bọ́ ìyá mi."

Dàmọ́lá dé látibi iṣẹ́, aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ rún bí ewé mọ́ínmọ́ín.

"Báàgì kan náà ni mo kó méjèèjì sí, ma. Wọ́n ti gba tèmi wọlé. Bí mo bá fẹ́ ṣèkà, ṣé màá tún máa bá a gbé e kiri ni?"

Wálé ò jẹ́ kí wọ́n bi òun tán. "Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní wáàfù. Mo ti yọ Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ wa, kúrò nílé-ìwé. Kí ni màá wá ṣí i fún?"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Àdìjá ní kí Wálé mú òun délé.

Yúnífọ́ọ̀mù Tolúlọpẹ́ wà lórí okùn níta, ó gan bíi páálí. Tolúlọpẹ́ fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi wá.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ní áyódín tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò nílé?"

Tolúlọpẹ́ wọlé, ó gbé ìgò kékeré kan jáde, ó sì bá a ṣí i.

Àdìjá kán díẹ̀ sí ìdí àpò náà, níbi tí àwọn tó ṣe é ti lẹ̀ ẹ́. Ó pupa rúsúrúsú. Ó kán òmíràn sójú òǹtẹ̀. Ìyẹn di dúdú.

"Sítáàṣì ló ń dúdú bẹ́ẹ̀," ó wí. "Gọ́ọ̀mù ni Sherifat ń lò. Aṣọ Dàmọ́lá ò sì mọ sítáàṣì rí. Ta ló ń po sítáàṣì nínú ilé yìí?"

Wálé yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Òun kọ́ ló ń fọṣọ.

"Èmi ni," Tolúlọpẹ́ wí, bí ẹni ń ka ìfúnpá aláìsàn síta. "Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, nígbà tí Bàbá Ọ̀rẹ́olúwa lọ ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ooru omi gbígbóná ni mo fi tú u. Mo fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ padà, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ kí òǹtẹ̀ yẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń gbẹ̀bí. Ọlábísí tó kọ́ mi níṣẹ́ ti lo ọdún mẹ́ta lọ́hùn-ún, wọn ò tíì ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí. Ìdí arúgbó ló ń nù. Mi ò fẹ́ lọ di ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

"O ò sì sọ fún mi," Wálé wí.

"Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí n yéé sọ̀rọ̀ àìnígbàgbọ́."

Wálé jókòó.

"Sherifat ńkọ́?" Àdìjá bi í.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Tolúlọpẹ́ máa sorí kọ́. "Mo ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá lójoojúmọ́. Ojú ń tì mí, ẹnu mi ò là."

"Ó máa là lónìí. Ẹ wé gèlè yín."

Ní Ìyànà-Ìbà, Tolúlọpẹ́ fẹnu ara rẹ̀ rò ó níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Sherifat wọlé, ó nu eruku ara ẹ̀rọ, ó tan án. Tolúlọpẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó dárí ji òun.

"Ẹ dìde, ma," Sherifat wí, kò wojú rẹ̀. "Ẹ ń dínà mọ́ oníbàárà."

Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀.