Ẹ Má Tíì Gbẹ́ Ilẹ̀ Ìpakà Náà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, oòrùn kò tíì yọ lórí òkè tí àwọn ọkùnrin abúlé wa, Ayt Uzru, fi kóra jọ sí ilẹ̀ ìpakà àtijọ́. Wọ́n mú ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ìbaaka méjì wá. Àwọn obìnrin ti gbé tíì kaná, búrẹ́dì ọkà báálì sì wà nínú apẹ̀rẹ̀. Bàbá Bassu ló pe ọ̀wẹ̀ náà. Bí Bàbá Bassu bá pe ọ̀wẹ̀, ẹni tí kò bá wá, àwọn ènìyàn á béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá ni.

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìpakà ti dé ni ilẹ̀ yìí ti wà lásán. A fẹ́ sọ ọ́ di pápá ìṣeré: ibi tí àwọn ọmọ yóò ti gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn obìnrin yóò máa rìn, àti ìjókòó fún àwọn àgbà. Kì í ṣe fàájì lásán. Ojú títì ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré. Ní oṣù kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá Tuda, ọmọ Fadma, ó sì kán an lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ìjọba ní owó ìrànwọ́ fún irú pápá bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ abúlé wa ti kọ̀wé béèrè, wọ́n sì fèsì pé ẹni tí yóò wá wo ilẹ̀ náà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Haddu, tó ń da ìbaaka, gbé ọkọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ o! Bàbá Bassu ti ń wo ìkòkò tíì ju bó ṣe ń wo ilẹ̀ lọ."

"Ìwọ tí ìbaaka ẹ gbọ́n jù ẹ́ lọ, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀?" Bàbá Bassu dá a lóhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti gbẹ́ igun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ìjókòó sí nígbà tí Itto sáré dé, ìwé lọ́wọ́. Itto ni akọ̀wé ẹgbẹ́, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀!"

"Kí ló dé? Ṣé ejò ni?" Haddu fò sẹ́yìn.

"Ó sàn kó jẹ́ ejò. Bàbá, owó ìrànwọ́ yẹn ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa yìí."

Bàbá Bassu nu òógùn ojú rẹ̀. "Itto, àlejò ń bọ̀. A kì í jẹ́ kí àlejò bá ilé láìgbá. Tó bá rí i pé a ti bẹ̀rẹ̀, á mọ̀ pé a kì í ṣe ọ̀lẹ."

"Nínú ilé yín, òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ síbí." Ó kà á sókè: "Iṣẹ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ìjọba kò ní náwó sí i."

"Áà! Ẹni tó bá káwọ́ gbera ni wọ́n máa fún?" Haddu pariwo. "Ìyá ìyàwó mi ì bá ti di olówó!"

"Wọ́n fẹ́ wọn ilẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà. Tí a bá ti gbẹ́ ẹ, báwo ni wọ́n á ṣe mọ ohun tí owó wọn ṣe yàtọ̀ sí ohun tó ti wà nílẹ̀?"

Ojú Bàbá Bassu le. "Ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa fi gbẹ́ ojú omi, tí wọ́n fi kọ́ mọ́sáláṣí, òun ló ti wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Wọ́n béèrè ohun tí abúlé fúnra rẹ̀ máa mú wá. Ọ̀wẹ̀ yín ni mo kọ síbẹ̀: ogún ọkùnrin, ọjọ́ mẹ́fà. Tí ẹ bá ti ń lò ó láti òní, kò sẹ́ni tó máa kà á sí ìpín tiwa mọ́."

Fadma tó ń bu tíì dá sí i. "Bàbá Bassu, ọ̀pá ni ọmọ mi ṣì fi ń rìn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí ìwé wí."

Bàbá Bassu fi ọkọ́ rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," Haddu ní, "ẹ jẹ́ ká kó iyẹ̀pẹ̀ padà, ká tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀," Itto dáhùn. "Tí àlejò bá sì rí iyẹ̀pẹ̀ tútù, á máa wá ohun mìíràn tí a tún bò mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Màá ṣàlàyé fún un."

"Rárá," Bàbá Bassu wí. "Èmi ni mo pè yín. Èmi ni màá sọ ọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan ni ìjọba rán wá. Bàbá Bassu kò tíì fi tíì lọ̀ ọ́ tó fi mú un lọ sí igun náà.

"Àwa la gbẹ́ ẹ, ní ọjọ́ Ajé. A rò pé à ń bu ọlá fún yín ni."

Obìnrin náà wọn ibẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, Bàbá. Igun yìí ti jáde nínú owó náà. Ìjókòó àwọn àgbà ti lọ nìyẹn. Ìyókù ṣì wà."

"Tí a bá ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀ ńkọ́?" Itto béèrè.

"Ǹ bá ti padà láìmu tíì yín."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kò sẹ́ni tó ṣí òkúta kan nípò. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn Alásárì, Bàbá Bassu àti àwọn ìyá ọmọ ń pín ara wọn sójú títì, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n fọwọ́ síwèé, Bàbá Bassu pe ọ̀wẹ̀. Òkúta wa àti ọwọ́ wa la fi kọ́ ìjókòó àwọn àgbà, láìsí kọ́bọ̀ ìjọba. Owó ìjọba ló ṣe pápá àti ọ̀nà ẹsẹ̀, àwọn ọmọ sì ti kúrò lójú títì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè owó ìrànwọ́ fún pápá abúlé yín, ẹ ka ìwé náà dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀ kí àdéhùn tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ iṣẹ́ ọwọ́ yín sínú ìwé ìbéèrè, nítorí ó níye lórí. Bí ẹ bá ti ṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi yín. Agbára tí a lò ṣáájú àkókò, ìfiṣòfò ni. Ẹ dúró de ìwé. Nígbà tó bá dé, kí ẹnikẹ́ni má jókòó.