Ẹni Tó Ṣe Àmín

Mi ò ní fi irọ́ ba àwẹ̀ tí mo ń gbà jẹ́. Ìyá ọkùnrin náà ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìsìn, Bíbélì lórí itan rẹ̀, omi lójú. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́.

Alárìnká ni wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ládùúgbò. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá jẹun lókè òkun. Ọdún mọ́kànlá, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án. Kò lókìkí, kò sì burú. Irú ẹni tí wọ́n ń wá kàn nígbà tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn bá kán. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Orúnkún òsì rẹ̀ ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ẹgbẹ́ kẹsàn-án yìí kò fẹ́ ẹ. Tó bá wọ yàrá ìmúra, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù sí i. Lọ́jọ́ kan ó bá okùn bàtà rẹ̀ tí wọ́n ti fi abẹ gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Balógun ẹgbẹ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Èrò ọkọ̀, ìgbà wo lo máa sọ̀ kalẹ̀?"

Kóòṣì ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló kù. Tí ẹsẹ̀ rẹ ò bá kan pápá nínú ọ̀kankan, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. A ò ní fún ọ níwèé àdéhùn mọ́. Ta ló sì tún máa gba arúgbó?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn lọ tán. Òun nìkan ló kù níwájú ìkọ́ aṣọ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́tàlélógún. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tútù. Ọmọ ìyá àdúrà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n inú ń bí i. Kò kí Ọlọ́run. Kò pe orúkọ Jésù. Àdúrà tí kò ní àdírẹ́sì, ẹ̀yin ará, ta ni yóò gbà á?

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ mi," ló wí, "ṣáà gbé mi wọ pápá."

"Àmín."

Láti ilé ìwẹ̀ ni. Ohùn ọkùnrin. Ó yá, ó sì dúró ṣinṣin, bíi ti ẹni tó ti ń retí. Kì í ṣe bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é. Bí a ṣe ń pè é nílé ni. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ló gbọ́ èdè wa.

Ó lọ wo ilé ìwẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Kò sẹ́nì kankan.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, orí bẹ́ǹṣì ló wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí wọ́n parí, bàbá tó ń fọ jẹ́sí ń kà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Méjì méjì ló máa ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó fa ọ̀kan yọ. Mẹ́tàlélógún. Ẹrẹ̀ ló kún un, òógùn ń kán lára rẹ̀.

"Ọ̀kan ṣì wà lọ́rùn rẹ. Ta ló wọ èkejì?"

"Mi ò wọlé, bàbá. Ẹ ṣáà rí mi lórí bẹ́ǹṣì."

"Mo rí ọ. Kúrò níwájú mi."

Ìyá rẹ̀ pè é nírọ̀lẹ́. "Ọmọ mi! A wò ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. O sáré bí ẹṣin! Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan."

"Kí ni, Màámi?"

"Tó o bá fẹ́ wọ pápá, o máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀, wàá wá wòkè dúpẹ́. Lónìí o fọwọ́ kan ilẹ̀. O ò wòkè."



Lọ́sẹ̀ kejì, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, orí bẹ́ǹṣì náà ló tún wà. Bí wọ́n ṣe padà wọ yàrá ìmúra, balógun ẹgbẹ́ tiro wá bá a, ó fún un lọ́rùn mọ́ ògiri.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì! O tún ń rẹ́rìn-ín."

"Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà!"

Kò sẹ́ni tó gbè é. Wọ́n sún sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní èrò ọkọ̀ mọ́.

Ó tún dúró sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó pe Orúkọ náà, ó fi omijé gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó tẹ́tí. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Omi ilé ìwẹ̀ nìkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà fúnra rẹ̀. Omi náà tún dá.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbá ìkẹta, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Tí wọ́n bá pè ọ́ lọ́la, má wọlé."

"Èyí tó kù nìyẹn, Màámi. Tí n kò bá wọlé, bọ́ọ̀lù tán fún mi. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ẹni tó bá wà láàyè ló ń wá iṣẹ́ mìíràn."

Kò ṣèlérí.

Ìkùukùu bo pápá lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta. Ìyá fi ọwọ́ lé tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbàdúrà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóòṣì pe Alárìnká. Ó bọ́ aṣọ òtútù. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó wòkè. Ọmọ òun rèé, ìyá wí, òun gan-an rèé.

Wọ́n gbé pátákó nọ́ńbà sókè. Ẹni tó ń wọlé: mẹ́tàlélógún. Ẹni tó ń jáde: mẹ́tàlélógún.

Kò sẹ́ni tó janpata. Láti òdìkejì pápá, nínú ìkùukùu, ọkùnrin kan yíjú, ó ń bọ̀. Ó dorí kodò. Ó ń ṣìkẹ́ orúnkún òsì. Ẹni tó ń jáde máa ń bọ ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ayé nìyẹn. Kó tó dé rárá ló ti na ọwọ́.

"Má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́!" ìyá kígbe.

Tẹlifíṣọ̀n kì í gbọ́ràn.

Ọwọ́ kan ọwọ́. Nígbà tí ìkùukùu ká, ẹnì kan ń sáré lórí pápá. Lórí bẹ́ǹṣì, àyè ẹni tó jáde ṣófo.

Wọ́n fún un níwèé ọdún méjì. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kò yí padà. Ó ń béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá, ó rántí gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá gbàdúrà fún un, tó fi orúkọ Jésù dí i, kẹ́kẹ́ á pa.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Màámi."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá dán an wò. Ó gbàdúrà, ó gbà á gùn. Nígbà tó dé ibi Orúkọ náà, ó fò ó. Ó tẹ́tí.

"Àmín."

Ó yá, ó sì dúró ṣinṣin.